Ouidah: Ìgbàgbọ́ Ẹnu àti Ìrìn Ẹsẹ̀



Orúkọ méjì ni a ń pe Kristẹni ní èdè wa. A ń pè é ní onígbàgbọ́, a sì ń pè é ní ọmọ-ẹ̀yìn Jésù. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọkàn àti ẹnu ni a fi ń gbàgbọ́. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀lé ènìyàn. Ẹni tí ó jókòó sí ojú kan kò lè jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ẹni tí ó ń rìn. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Benin wa tí ó lè kọ́ wa ní ìyàtọ̀ yìí. Ìlú náà ni Ouidah.

Bí a bá ti Kútọnú kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó tó bíi kìlómítà 40 kí á tó dé ibẹ̀. Láàárín ìlú ni a ó ti rí Basilíkà Màríà Aláìlábàwọ́n. Ọdún 1903 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, a parí rẹ̀ ní 1909, Pápà Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì sì sọ ọ́ di basilíkà ní 1989. Ilé òrìṣà Dàngbé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn erè, ni ó dojú kọ ọ́. Àwọn àlejò a máa dúró níbẹ̀ ya fọ́tò, wọn a máa sọ pé, ẹ wo bí ìsìn méjì ti ń wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù ní Ouidah kò sí láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé òrìṣà. Ó wà láàárín Kristẹni àti Kristẹni.

Ẹ jẹ́ kí á rìn síwájú díẹ̀. Odi àwọn Pọtogí nìyí, tí wọ́n kọ́ ní 1721. Orúkọ Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n fún un. Ilé àdúrà wà nínú rẹ̀. Ní ìtòsí rẹ̀, a ń ta ènìyàn. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó gba Ouidah kọjá lọ sí oko ẹrú. Àwọn ènìyàn tiwa wà nínú wọn: orúkọ Kétu tí ó wà ní Bàhíà títí di òní ń jẹ́rìí. Kì í sì ṣe òyìnbó nìkan ni ó tà wọ́n. Àwọn ọba ilẹ̀ Dàhómì tà, àwọn olóyè tà, àwọn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún náà tà.

Francisco Félix de Souza, tí a ń pè ní Chacha, ti Bàhíà wá, ó sì di àgbà nínú òwò náà kí ó tó kú ní 1849. Joaquim d'Almeida ti jẹ́ ẹrú rí ní Bàhíà. Nígbà tí ó di òmìnira tí ó sì padà wálé, òun náà di olówò ẹrú. Òun kan náà ni ó kọ́ ilé àdúrà sí Agoué. Ṣé wọ́n gbàgbọ́? Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn gbà nínú òwò yẹn, Jésù kò gba ibẹ̀ lọ.

Láti gbàgede Chacha, ọ̀nà àwọn ẹrú gùn tó bíi kìlómítà 4 dé etí òkun. Níbẹ̀ ni Ẹnu-Ọ̀nà Àlọọ̀dé wà, tí wọ́n kọ́ ní 1995. Kò jìnnà síbẹ̀ ni a ti rí ohun ìrántí Jubilé ọdún 2000, fún àwọn míṣọ́nnárì tí ó gba etí òkun kan náà wọlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861, àlùfáà Francesco Borghero àti Francisco Fernandez gúnlẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò nílé. Louis Edde kú sí Freetown lójú ọ̀nà. Freetown yìí kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Marion Brésillac, tí ó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1856, kú sí ní 1859, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 péré tí ó débẹ̀. Borghero mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wá. Ìyẹn ni à ń pè ní títẹ̀lé.

Kì í ṣe pé wọn kò bá Kristẹni kankan. Wọ́n bá àwọn tí ó ti Brazil padà dé, tí wọ́n di àdúrà mú láìní àlùfáà tí ń gbé àárín wọn. Láti ara wọn ni a ti ń pe Ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà. Ogún wọn ni a jẹ, ire rẹ̀ àti ibi rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ baba ń de ẹsẹ̀ ọmọ. Nínú ìdílé de Souza kan náà ni Isidore de Souza ti jáde, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, tí ó sì jẹ́ alága Àpérò Orílẹ̀-èdè ní oṣù kejì ọdún 1990, nígbà tí ilẹ̀ wa yí ìjọba padà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé Jésù lè bẹ̀rẹ̀ láti ibikíbi.

Ọ̀rọ̀ náà wá kù sí ilé wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ Etireno, tí ó kó àwọn ọmọdé láti Kútọnú lọ sí ìhà Gabon. Ní 2006, ìjọba ṣe òfin lórí kíkó ọmọ káàkiri àti títa ọmọ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá ìdáná. Ọmọ ẹbí tí a gbà láti abúlé kí á lè tọ́ ọ, èyí tí àwọn ará Kútọnú ń pè ní vidomègon, àṣà rere ni ní ìpìlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ó bá jẹ́ òun ni ó kọ́kọ́ jí, tí ó sì gbẹ̀yìn sùn. Tí ó ń kiri omi nígbà tí àwọn ọmọ ilé wà ní ilé-ìwé. Tí gbogbo ilé wọ aṣọ kan náà lọ sí Mísà, tí òun sì ń ṣọ́ ilé, kí ni ìyàtọ̀ ilé wa sí odi tí ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́?

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ dá Onésímù padà sí ọwọ́ Filémónì, ó ní kí ó gbà á bí arákùnrin, kì í ṣe bí ẹrú mọ́. Filémónì ti gbàgbọ́ kí lẹ́tà náà tó dé. Lẹ́tà náà ni ó sọ fún un ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Ẹ̀yin òbí, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ tí ó wà lọ́dọ̀ yín. Ṣé ó ń lọ sí ilé-ìwé? Ṣé ó ń jẹun bí àwọn tiyín? Ṣé ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Ṣé ó wà nínú àwọn ọmọ katikísìmù? Bí a bá dáhùn bẹ́ẹ̀ni, a ti ń rìn lẹ́yìn Jésù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà kò tíì dí. Ẹ jẹ́ kí á dìde.

Kí Olúwa tí a fi ẹnu jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹsẹ̀ wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Àmín.