Orín Àtà Ìyá Kúdẹtì

Ìgbéyàwó ló gbé mi dé Ìbàdàn. Mo kúrò l'Ékòó ní ìdájí, ọ̀sán sì ti pọ́n kí takisí máíkírà tó já mi sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Mo gba Mápó bọ́ sí Ọjà'ba, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé Kúdẹtì, nítorí bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ padà wálé láìra orín àtà. Òun ni wọ́n ń rún láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ìsọ̀ ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹlẹ́wé ọmọ ni mo yà sí, nítòsí odò Kúdẹtì. Ọ̀rá àti ike ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí odò náà pa. 

“Ẹ kú ọjà o, ìyá. Orín àtà ni mo fẹ́ rà.”

“Ó ti tán, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Àwọn tó ń bá mi wà á wá láti oko ní àwọn ò rí i mọ́.”

Efinrin tútù wà níwájú wọn, èèpo igi ní ìdì-ìdì, orógbó nínú abọ́. Wọ́n rí i pé ojú mi rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú orín tiwọn jáde, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n sì fún mi ní ìdajì. Mo bu díẹ̀ rún. Ó ta mí lẹ́nu bí ata, ahọ́n mi sì kú tipiri.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Ike ọ̀dà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, irúgbìn kékeré ẹlẹ́gùn-ún kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ìyá já ewé kan, wọ́n fọwọ́ rún un, wọ́n nà án sí mi nímú: òórùn ọsàn ló ń ta. Ẹbí kan náà sì ni orín àtà àti ọsàn.

“Ogún kóró ni mo gbìn, mẹ́rin péré ló hù.”

Gbòǹgbò ni a ń rún ní orín àtà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ẹni tó já ewé ewúro lónìí yóò tún rí òmíràn já. Ẹni tó wú gbòǹgbò, igi ló pa. Bíbó èèpo igi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà dé gbòǹgbò, torí náà igi tí a bá bó yípo yóò kú. Ìyá ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá tó bí àwọn kọ́ àwọn láti máa bó.

Ohun tí a fẹ́ sọ nù yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ífẹ̀ ṣèwádìí gbòǹgbò orín àtà nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi igi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Reserpine, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà nínú igi náà. Orógbó tó wà nínú abọ́ Ìyá pàápàá, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò igi àti ẹranko, ti kà á mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu.

Ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn kan náà, ilé ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954 ní ewé gbígbẹ tó ju 100,000 lọ nípamọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ Jẹ́ríkò kò lè di àgbo fún ọmọ tó ń ṣàìsàn ní Kúdẹtì. Ẹni tó ń ta igi ìwòsàn àti ẹni tó ń rà á ló gbọ́dọ̀ gbìn ín.

Ìyá gbé ike kan fún mi. Mo na owó sí wọn, wọn ò gbà.

“Bó bá dàgbà, o ò gbọdọ̀ wú u o. Kóró rẹ̀ ni kí o kó wá fún mi.”

Ìgbéyàwó náà dùn, mo sì padà sílé láyọ̀. Bàbá mi gba ìdajì orín wọn. Ẹ̀gbẹ́ táńkì omi nìkan ni kọnkéré ò dé nínú ọgbà wa, ibẹ̀ ni mo gbin orín àtà náà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kù. Ẹ bi ẹlẹ́wé ọmọ àdúgbò yín ní igi tó ti ń wọ́n, kí ẹ sì gbin ọ̀kan síbẹ̀.