Ẹja Àrọ̀ Tó Ṣẹ́kù ní Ìlá

Bí ènìyàn bá gba Òṣogbo àti Ìkìrun kọjá sí Ìlá-Ọ̀ràngún, ọ̀pẹ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ìlú ẹlẹ́mu ni Ìlá, ìlú àgbẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe emu ló gbé mi lọ síbẹ̀ ní àkókò òjò ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ránṣẹ́ pè mí pé, "Wá ká lọ dẹ ìwọ̀ lódò oko wa kí odò náà tó tán." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn àgbà Ìgbómìnà a máa sọ ọ́ pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Odùduwà bàbá rẹ̀ fún un ní àdá kan tí wọ́n ń pè ní ògbó. Àdá yìí ló fi ń la igbó, òun náà ló sì ń júwe ọ̀nà fún un. "Ògbó mọ̀nà" ni wọ́n sọ pé ó di Ìgbómìnà. Ìtàn yìí wà lọ́kàn mi bí a ti ń tọ ọ̀nà oko lọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bàbá níwájú pẹ̀lú àdá, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ méjì àti agolo ekòló tí a wú nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo mọ odò náà nígbà èwe mi. Igi ló fi orí kan orí lókè rẹ̀ nígbà náà. Omi rẹ̀ tutù, a sì ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àfi ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Ebè ẹ̀gẹ́ ti dé etí omi. Òjò ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ oko sínú odò títí ibi tó ń mu mí dé àyà nígbà náà kò fi ju orúnkún lọ mọ́. Ike oògùn apakoríko méjì há sáàárín koríko, ìdérí wọn ti ṣí.

A fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, a jù ú sídìí gbòǹgbò ọ̀pẹ náà, a sì jókòó. Bàbá rọra ń ka ohun tí wọ́n ti máa ń pa níbẹ̀ fún mi: ẹ̀pìyà, ẹja wẹ́wẹ́ tí ara wọn ń dán, alákàn pàápàá. Ó tó wákàtí méjì kí okùn mi tó fà. Àrọ̀ ni, kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Inú mi dùn.

"Ẹ ò rí i, Bàbá, ẹja ṣì wà!"

Wọ́n mirí. "Àrọ̀ nìkan ló kù, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni kì í fi àrọ̀ mọ odò tó dára."

Òótọ́ ni. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ ojú omi, ìdí nìyí tó fi lè gbé inú ẹrẹ̀ tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn apẹja a máa fi ìwọ̀ wá ẹja kan tó ń jẹ́ brown trout nínú àwọn odò kéékèèké tó gba àárín oko kọjá. Ẹja yìí kò lè fara da ìdọ̀tí. Omi tútù ló ń fẹ́, àárín òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ ló sì ń yé ẹyin sí. Bí ẹrẹ̀ oko bá bo ẹyin náà, kò ní í dọmọ. Nítorí náà, bí odò bá ń ṣàìsàn, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀. Wọ́n ń gbin igi padà sétí odò, wọ́n sì ń ṣe ọgbà kí màlúù má baà tẹ bèbè wó. Ní tiwa, àrọ̀ ń fara dà á, àwa sì rò pé kò sí ohun tó ṣe odò.

Mo béèrè ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bàbá dárúkọ Gammalin 20. Oògùn kòkòrò orí kòkó ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Lindane tó wà nínú rẹ̀ wà lára àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm fi kún èyí tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì lọ́dún 2009.

"Ẹni tó ń da Gammalin, òru ló ń wá," ni Bàbá wí. "Nísinsìnyí, ọ̀sán gangan la ń ba odò jẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀."

Wọ́n nawọ́ sí ebè tó wà létí omi. Tiwọn ni. Àwọn ló ni ike méjèèjì pẹ̀lú.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo yọ ìwọ̀ lẹ́nu àrọ̀, mo dá a padà sínú omi. Bàbá dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láti etí odò, wọ́n sì fi àdá gbẹ́ igi kan, wọ́n gún un mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ti wú ẹ̀gẹ́ ọdún yìí tán, àdá kò gbọdọ̀ kọjá igi náà mọ́. Mo ka ebè tí wọ́n fẹ́ pàdánù: mẹ́tàlélógójì. Fún àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò tóbi, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Òkè-Ìlá láti wo omi Àyìkúnnugbá tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Bí ẹ bá dé ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ má ṣàì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yà wo odò oko kan pẹ̀lú, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè irú ẹja tí wọ́n ń pa níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, mo ti ṣèlérí fún Bàbá pé n ó padà wá lẹ́yìn tí igbó bá ti hù létí odò wa. Bí mo bá rí ẹ̀pìyà kan ṣoṣo, ẹ ó gbọ́.