Ọmọ ajá tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ rà yẹn, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa tóbi tó?

Kò sí ọmọ ajá tí kì í wuni lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde tà. Irun ẹ̀ á máa dán, á máa fi ahọ́n lá oníbàárà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ilé á sì ti fún un lórúkọ kí bàbá wọn tó dúnàá-dúrà tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu bàbá náà: "Ṣé eléyìí máa tóbi?" Ọlọ́jà ò ní í jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi máa gbé ẹsẹ̀ ajá sókè: "Alàgbà, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ náà! Kìnnìún lẹ fẹ́ẹ́ rà yìí o!" Bówó ṣe máa kúrò lápò nìyẹn.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra ajá nítorí olè á rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, kìnnìún ò fi bẹ́ẹ̀ ju ológbò lọ. Ẹlòmíì sì wà, yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, ajá kékeré tọ́mọ ẹ̀ á máa bá ṣeré ló rà, àfi bó ṣe di ẹranko tó ń jẹ oúnjẹ èèyàn méjì. Àwọn aráalé á máa bínú, láńlọ́ọ̀dù á fún un ní gbèdéke, wọ́n á so ajá mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru tàbí kí wọ́n tú u sígboro. Ajá tí kò lólówó, tí kò gbabẹ́rẹ́, irú wọn ló máa ń kó àrùn dìgbòlugi ran aráàlú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kúrò léré.

Ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wò yẹn, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọmọ ajá tí egúngún ẹ̀ ki, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ, ṣì máa dàgbà sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ nìkan mọ iye kílò tó máa wọ̀n. Ẹni bíni là ń jọ, àwọn òbí ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Akọ German Shepherd tó dàgbà máa ń wọ̀n kílò 30 sí 40, abo ẹ̀ máa ń wọ̀n 22 sí 32. Bí wọ́n bá fi ìyá hàn yín tí wọn ò mọ bàbá, ẹ fura o, torí abo ajá kan lè lóyún fún akọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, káwọn ọmọ tó bí lọ́jọ́ kan má jẹ́ ọmọ bàbá kan.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti tú u wò. Lọ́dún 2007, wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé jíìnì kan tó ń jẹ́ IGF1, tí ajá ń jogún lára òbí ẹ̀, wà lára ohun tó ń jẹ́ káwọn ajá kan kéré. Ẹyọ kan péré nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ o.

Ibi tí gbájú-ẹ̀ ti ń mú èèyàn jù ni ọjọ́ orí. Irú ajá tí kì í tóbi, tó ti pé oṣù 4, wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ 6 ni, kó lè dà bíi pé ajá ńlá ni. Ẹ ya ẹnu ẹ̀ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni eyín àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó máa ń tín-ín-rín, ó sì máa ń mú bí abẹ́rẹ́. Tó bá di nǹkan bí oṣù 4, á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ eyín iwájú sí ńlá. Tẹ́ ẹ bá rí eyín ńlá lẹ́nu ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, ẹ dá owó yín padà sápò.

Tọ́jọ́ orí bá dájú, ìṣirò wà. Ajá tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù, ohun tó wọ̀n lóṣù 4 sábà máa ń sún mọ́ ìdajì ohun tó máa wọ̀n tó bá dàgbà. Tó bá wọ̀n kílò 10, ẹ máa retí nǹkan bíi 20. Àwọn ajá ńlá kì í tètè dé ìdajì, ó lè di oṣù 5 sí 6, wọ́n sì lè máa dàgbà títí di oṣù 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ikùn ńlá tàn yín, aràn ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Oúnjẹ àjẹjù náà ò lè sọ ìran kékeré di ńlá. Tó bá jẹ́ ìran ńlá, àjẹjù lè ba oríkèé ẹ̀ jẹ́ kó tó dàgbà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló yẹ ká wò ká tó ra ajá. Ẹ wo àyè tẹ́ ẹ ní, ẹ wo owó oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì rántí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó bá ti pé oṣù 3. Ọmọ ajá ò kúkú bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá ra òun.