Ọfà Títa ní Kyoto

BỌ̀DÁ ÀYÌNLÁ: Tóyìn, ara rẹ yá gágá ju bó ṣe rí kó o tó lọ. Wọ́n ní ọfà lo kọ́ ní Japan. Ta lo fẹ́ bá jagun?

TÓYÌN: Kò sógun níbẹ̀, bọ̀dá mi. Kyudo ni wọ́n ń pè é. Jagunjagun ló ń ta á láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn gbapò ọfà lójú ogun, wọ́n ń ta á láti fi tún ara àti ọkàn ṣe. Ọrun wọn ga jù mí lọ, ó lé ní mítà 2.

BỌ̀DÁ ÀYÌNLÁ: Kéèyàn fa ọsán lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà leré ìdárayá? Ibo ni òógùn ti fẹ́ jáde?

TÓYÌN: Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì ga ju orí lọ. Ẹ wá máa ṣe bí ẹni ń fa ọsán wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má ká èjìká sókè, ẹ má dá èémí dúró. Tẹ́ ẹ bá fà á délẹ̀, ẹ ò ní tíì tú u sílẹ̀. Kai nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn, itan àti ikùn ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn, zanshin, ni kéèyàn ṣì dúró bó ṣe wà lẹ́yìn tí ọfà ti lọ.

BỌ̀DÁ ÀYÌNLÁ: Ṣé ọfà rẹ ń ba àmì?

TÓYÌN: Mítà 28 ló jìn sí wa, fífẹ̀ àmì náà ò sì ju sẹ̀ǹtímítà 36 lọ. Ọfà mi ń tàsé dáadáa. Olùkọ́ wa kì í tilẹ̀ wo ibi tó balẹ̀ sí. Èjìká mi ló ń wò.

BỌ̀DÁ ÀYÌNLÁ: O máa ń sunkún lórí fóònù pé o ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

TÓYÌN: Dójò, ibi tá a ti ń kọ́ ọfà, ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. A jọ ń gbálẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá kàn ló ń lọ ṣa ọfà gbogbo wa, á sì fi aṣọ nu iyẹ̀pẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ju màmá wa lọ lọ́jọ́ orí. A ò gbédè ara wa tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí èjìká mi bá ti gòkè báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà níbẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tí n kò bá wá, á bèèrè mi.

BỌ̀DÁ ÀYÌNLÁ: Obìnrin náà ń ta á?

TÓYÌN: Dáadáa! Lóṣù kìíní ọdún, tọkùnrin tobìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà ń wọ kimono wá ta ọfà mítà 60 ní Sanjusangendo, tẹ́ḿpìlì kan ní Kyoto. Ibẹ̀ ni tafàtafà kan, Wasa Daihachiro, ti ta ọfà 13,053 láàárín ọ̀sán àti òru kan lọ́dún 1686. 8,133 ló yege.

BỌ̀DÁ ÀYÌNLÁ: Àwa tá a ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọlọ́fà, ta ló tún ń ta ọfà ládùúgbò yìí?

TÓYÌN: Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé yín, ká lè máa kọ́ ọ níbẹ̀. Rọ́bà la kọ́kọ́ ń fà ká tó fọwọ́ kan ọrun, ìdì koríko la sì ń ta ká tó dojú kọ àmì. Ẹ pe àwọn àgbà náà, kì í ṣe ọmọdé nìkan. Ẹ̀yin gan-an, ẹ wá.