Nígbà tí Wọ́n Ti Láìnì Ìyá Mi Pa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2024, mo pe ìyá mi láti Ìbàdàn, ìpè náà kò sì wọlé. Bí mo bá pè é lẹ́yìn ìsìn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni "Okun o!", ìkíni tí a fi ń pe àwa ará Okun lórúkọ. Lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ ọ. Mo pè títí, ó sú mi. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló ń gbé ilé wa ní Mákùtù, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí nílé mọ ibi tí ọkàn ọmọ máa ń lọ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, mo pe aládùúgbò kan, ó sì gbé fóònù rẹ̀ tọ Màmá lọ.

"Ara mi le," ni Màmá wí. "Fóònù yìí ni kò le."

Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Oògùn rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ Ẹtì. Owó tí mo fi ránṣẹ́ wà ní báǹkì, ṣùgbọ́n orí nọ́ńbà yẹn ni kóòdù báǹkì rẹ̀ wà, kò sì ní káàdì. Aládùúgbò náà ni mo fi owó mìíràn ránṣẹ́ sí, òun ló ra oògùn náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, ìyẹn NIN, mọ́ síìmù, kí ọwọ́ lè tẹ àwọn ajínigbé àti gbájúẹ̀. Nílẹ̀ Okun, a mọ ohun tí ajínigbé ń ṣe. N kò lè sọ pé òfin náà burú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dá ìpè jíjáde dúró lórí láìnì tó ju mílíọ̀nù 70 lọ. Ti Màmá kò sí níbẹ̀, nítorí a ti so tirẹ̀ ní ọdún 2021, a sì gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé ó ti wọlé.

Èwo wá ni ti 2024? Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì náà ní Ìbàdàn. Èrò kún dé ojú títì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ní orúkọ kò bára mu. Orúkọ ìdílé wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọlọ́run", bíi ti ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Okun. Bẹ́ẹ̀ ló wà lórí NIN. Ṣùgbọ́n ẹni tó forúkọ síìmù sílẹ̀ fún Màmá nígbà náà lọ́hùn-ún ti gé e kúrú sí "Olú". Lójú wa, orúkọ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ olè. Fún ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tó sọ fún wa.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn kan náà, àjọ NCC pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí àwọn láìnì tí wọ́n tì padà fún ìgbà díẹ̀. Ti Màmá ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbèdéke tuntun ni ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, olóhun sì gbọ́dọ̀ yọjú fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ní oṣù Kẹjọ, mo lọ sílé, mo mú Màmá gba Mọpà àti Kábbà dé Lọ́kọ́ja. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn bi í bóyá ó dá a lójú pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

"Ọmọ mi," ni Màmá dáhùn, "mo ti ń jẹ́ orúkọ yìí kí wọ́n tó bí ọ."

Ọmọ náà dìde, ó tọrọ àforíjì. Ẹ̀rọ ni kò mọ àforíjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ àtàǹpàkò Màmá, èyí tí oko àti gààrí dídín ti họ. A fọ ọwọ́ rẹ̀, a nù ún gbẹ, kó tó gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé wọ́n ti tún orúkọ náà ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò ti ti òbí yín pa. Ẹ tẹ *346# lórí nọ́ńbà tí wọ́n fi gba NIN láti rí i. Ẹ béèrè orúkọ tó wà lórí síìmù, kí ẹ sì fi wé ti NIN, lẹ́tà kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC lórí 622. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gba nọ́ńbà aládùúgbò kan sílẹ̀. Èmi kò bá má ní i lọ́jọ́ yẹn, ta ni ìbá ra oògùn?

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo pe Mákùtù. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Okun o!"

N kò lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.