Aago Mẹ́sàn-án Alẹ́ ní Madurai

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ní Madurai, ìlú àwọn Tamil ní gúúsù Íńdíà, síbẹ̀ àwọn tó ń ta òdòdó nítòsí tẹ́ńpìlì Meenakshi kò tíì palẹ̀ ọjà mọ́. Jásímìnì funfun tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ ni wọ́n ń tà. Apá ni òṣùwọ̀n wọn, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Obìnrin tó rà á fi í sínú irun, ó sì forí lé tẹ́ńpìlì. Nínú lọ́hùn-ún, àwọn àlùfáà ń gbé àmì ẹsẹ̀ Shiva, òrìṣà àwọn Híńdù, tí wọ́n ń pè ní Sundareswarar níbẹ̀, léjìká tìlù tìfèrè, lọ sí yàrá Meenakshi ìyàwó rẹ̀, kí tọkọtaya lè sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, wọn á gbé e padà. Alaalẹ́ ni.

Iṣẹ́ alaalẹ́ yìí ló gbé ọjọ́ orí tẹ́ńpìlì náà ró, kì í ṣe òkúta. Lóòótọ́, ilé gogoro ẹnubodè gúúsù ga ju mítà 50 lọ. Ṣùgbọ́n ní 1311, ọmọ ogun ọ̀gágun Malik Kafur láti Delhi ya wọ Madurai, wọ́n sì kó ìlú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó dúró lónìí, iṣẹ́ àwọn ọba Nayak ní ọ̀rúndún 16 àti 17 ni. Bẹ́ẹ̀, akéwì Sambandar ti kọrin yin Shiva ti Madurai ní ọ̀rúndún keje. Ìfọkànsìn ju ògiri lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹnìkan lè sọ pé owó làwọn olódòdó ń wá. Wọ́n ń wá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdòdó àná ti rọ. Bí wọn ò bá so tuntun, kí ni wọn yóò fi ṣe òrìṣà lọ́ṣọ̀ọ́? Àtakò tó wúwo jù ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lé àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ 8 oṣù keje 1939 ni ajàfẹ́tọ̀ọ́ Vaidyanatha Iyer tó mú díẹ̀ nínú wọn wọlé. Àwọn kan pariwo pé àṣà bàjẹ́. Àṣà kò bàjẹ́: Sundareswarar ṣì ń lọ bá ìyàwó rẹ̀ lálẹ́. Ìlékúrò yẹn kì í ṣe gbòǹgbò ìsìn, ìwà ìrẹ́jẹ ni. Àwọn àgbà wa ní bí ènìyàn ò sí, imalẹ̀ ò sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí Madurai tọ́jọ́, kó tún òkúta ṣe, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dáàbò bo àyè ẹni tó ń so òdòdó àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ń wọlé.