Ẹnà Tí A Rò Pé Tiwa Ni

Nígbà tí a wà ní kékeré, àwa ọmọ mẹ́ta, ẹnà la fi ń bo àṣírí ara wa. Òfin rẹ̀ ò pọ̀: tó o bá ti pe sílébù kan, fi "g" tẹ̀ lé e, kó o sì tún fáwẹ́lì rẹ̀ pè. "Wá" á di "wágá." "Owó" á di "ogowógó."

Ohùn ló le níbẹ̀. Ohùn tó wà lórí fáwẹ́lì ti àkọ́kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìkejì. Ọkọ̀ á di "ọgọkọ̀gọ̀," ọkọ́ á di "ọgọkọ́gọ́." Ẹni tó bá ṣi ohùn pè, ọkọ̀ ló fẹ́ wọ̀, ọkọ́ la máa gbọ́. A ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá wa wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Dókítà ti pè wá síta, ó ti bá wa sọ̀rọ̀. A ò mọ bí a ó ṣe gbé e kalẹ̀ fún wọn. La bá bẹ̀rẹ̀ ẹnà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Ṣégé kágá sọgọ fúngún wọngọn?"

Màmá ò tiẹ̀ lajú. Wọ́n ní, "Ẹgẹ sọgọ."

Ẹnu yà wá. Àṣé gbogbo bí a ṣe ń pète ẹran inú ìkòkò láyé ọjọ́sí, wọ́n ń gbọ́ wa! Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀: "Àwa náà ṣe ọmọdé rí."

A jókòó tì wọ́n, a sì sọ ọ́. A ò fi "g" kankan sí i.